Ìwé Tí Wọ́n Yọ Lórí Pẹpẹ, àti Àwọn Ọmọ Tó Bèèrè Ìdí

Ọ̀rọ̀ àsọyé níbi ìpàdé àwọn òbí Yorùbá, agbègbè Houston, ìpínlẹ̀ Texas

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó sẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àbọ̀ láti ibi iṣẹ́. Alága ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ pọ̀, n kò lè fọwọ́ kan gbogbo rẹ̀ tán lónìí. Ẹyọ kan ni mo mú nínú rẹ̀: àwọn ìwé tí wọ́n ń yọ kúrò ní láíbírì ilé-ìwé ìjọba ní Amẹ́ríkà yìí, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dìde pé àwọn kò gbà. Mo mú un nítorí pé inú ilé-ìwé wọ̀nyí ni àwọn ọmọ wa wà, ìpínlẹ̀ tí a sì ń gbé yìí ló ṣíwájú nígbà tí ọ̀rọ̀ náà gbóná.

Kí n tó dé Texas, mo fẹ́ kọ́kọ́ mú yín dé Levittown, ní Long Island, ìpínlẹ̀ New York. Ọdún 1975 ni. Agbègbè ilé-ìwé kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Island Trees. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, mẹ́ta nínú àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ aláṣẹ ilé-ìwé lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn òbí kan, wọ́n sì gba ìwé kan bọ̀ níbẹ̀ tí orúkọ àwọn ìwé mìíràn kún inú rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ní kò yẹ kí ọmọ ka àwọn ìwé wọ̀nyẹn. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, lálẹ́ ọjọ́ kan, méjì nínú wọn ní kí òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú ilé-ìwé náà ṣílẹ̀kùn láíbírì fún àwọn. Ẹ̀yin tí ẹ lo láíbírì láyé ọjọ́un mọ àpótí onídùrọ́ọ̀ kéékèèké tí wọ́n ń to káàdì orúkọ ìwé sí. Àpótí yẹn ni wọ́n ṣí. Wọ́n ń ṣí káàdì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi wé orúkọ tó wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n rí mẹ́sàn-án. Nígbà tí wọ́n fi ọ̀kan kún un láti ilé-ìwé girama kékeré, àti ọ̀kan tí wọ́n ń kọ́ ní kíláàsì, ó di mọ́kànlá.

Ní oṣù kejì ọdún 1976, ìgbìmọ̀ náà ní kí wọ́n kó gbogbo wọn kúrò. Ọ̀gá tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ní agbègbè náà kọ̀wé sí wọn pé ìlànà ti wà nílẹ̀ fún irú ẹ̀sùn báyìí, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn tẹ̀ lé e. Wọn kò gbọ́. Nígbà tí àwọn oníròyìn gbé e jáde, wọ́n ṣàlàyé fún aráàlú pé àwọn ìwé náà lòdì sí Amẹ́ríkà, wọ́n lòdì sí ẹ̀sìn Kírísítì, wọ́n lòdì sí àwọn Júù, àti pé ẹ̀gbin gbáà ni wọ́n. Nínú àwọn ìwé tí wọ́n pè bẹ́ẹ̀ ni ìtàn ayé ara rẹ̀ tí Richard Wright kọ, Black Boy, wà. Àkójọ ìtàn kéékèèké àwọn òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú tí Langston Hughes ṣe olóòtú rẹ̀ wà níbẹ̀. The Fixer tún wà níbẹ̀, ìtàn ọkùnrin Júù kan tí wọ́n parọ́ ìpànìyàn mọ́ ní Rọ́ṣíà. Ìwé náà ti gba ẹ̀bùn Pulitzer, Bernard Malamud tó kọ ọ́ sì jẹ́ Júù fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ti ka ìwé yẹn kò lè sọ pé ó lòdì sí àwọn Júù.

Ariwo pọ̀, ìgbìmọ̀ bá yan ènìyàn mẹ́jọ, òbí mẹ́rin àti òṣìṣẹ́ ilé-ìwé mẹ́rin, pé kí wọ́n ka àwọn ìwé náà kí wọ́n sì jábọ̀. Àwọn mẹ́jọ náà ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn. Wọ́n ní kí márùn-ún padà sáyè wọn, kí wọ́n yọ méjì, ẹnu wọn kò kò lórí méjì mìíràn, wọn kò dá sí ọ̀kan, wọ́n sì ní kí ọmọ tó bá fẹ́ ka èyí tó kù gba àṣẹ lọ́dọ̀ òbí rẹ̀. Bí èèyàn ṣe máa ń ṣe nígbà tó bá jókòó ti ìwé nìyẹn: ó máa ń rí i pé èyí kò rí bí ìyẹn. Ìgbìmọ̀ aláṣẹ gba àbọ̀ náà, wọ́n tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n dá ìwé kan ṣoṣo padà, wọ́n fi àṣẹ òbí de Black Boy, wọ́n yọ mẹ́sàn-án yòókù, wọn kò sì sọ ìdí tí wọ́n fi kọ àbọ̀ àwọn tí àwọn fúnra wọn yàn.

Steven Pico jẹ́ ọmọ ọdún 17 nígbà náà. Òun àti akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin mìíràn gbé ìgbìmọ̀ náà lọ sí kóòtù ní oṣù kìíní ọdún 1977, àwọn lọ́yà ẹgbẹ́ New York Civil Liberties Union sì dúró tì wọ́n. Ẹ wo ohun tí ìyẹn gbà. Ọmọ tó ṣì ń wọ kíláàsì, tó ṣì ń retí ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí, òun ló pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní 1979 wọ́n fìdí rẹmi. Ní 1980 ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá wọn láre. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún 1982, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin. Adájọ́ Brennan kọ ọ́ pé ìgbìmọ̀ aláṣẹ ilé-ìwé lágbára púpọ̀ lórí ohun tí wọ́n ń kọ́ ní kíláàsì, ṣùgbọ́n kò lè wọ láíbírì lọ yọ ìwé kúrò torí pé kò sáà fẹ́ràn èrò tó wà nínú rẹ̀. Pico ti fi ilé-ìwé náà sílẹ̀ tipẹ́ kí ìdájọ́ yìí tó dé. Àwọn àbúrò tí kò mọ̀ rí ló jà fún.

Ohun kan wà nínú ẹjọ́ yìí tí àwọn ènìyàn kì í sábà sọ. Ilé-ẹjọ́ náà kò pàṣẹ kí ìwé padà lọ́jọ́ náà. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kí ẹjọ́ padà sí kóòtù ìsàlẹ̀, kí wọ́n gbọ́ ẹ̀rí, kí wọ́n lè mọ ìdí tí wọ́n fi yọ àwọn ìwé náà gan-an. Ìyẹn ni pé àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ yóò búra, lọ́yà yóò sì bi wọ́n léèrè lójú gbogbo ayé. Wọn kò dúró de ọjọ́ náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1982, wọ́n dìbò pé kí ìwé padà sórí pẹpẹ.

Ìbéèrè ló ṣẹ́gun níbẹ̀. Ta ló ka ìwé náà? Ìlànà wo lẹ tẹ̀ lé? Kí ni ìdí yín? Ẹni tó lágbára lè dá ariwo dúró, ó lè dá ìwọ́de dúró, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá mú un débi tí ó ti gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí ní gbangba, ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń kó ìwé padà kó tó dáhùn. Gbogbo ohun tí mo bá sọ láti ibí lọ, orí èyí ni mo dúró lé.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń sọ ọ́ sínú pé, bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Kí ni ọmọ ọdún 16 mọ̀ tó fi ń dojú kọ àwọn àgbààgbà? Mo gbà pé òwe náà ní àyè tirẹ̀. Àwọn baba kan náà ló sì sọ fún wa pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Lórí ọ̀rọ̀ yìí, ọmọ ní ohun kan lọ́wọ́ tí àgbà kò ní. Òun ló ń ka ìwé náà. Mo ti jókòó ní ìpàdé ìgbìmọ̀ ilé-ìwé tí àgbàlagbà dìde pẹ̀lú ojú-ìwé kan tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, ó kà á sókè, inú ń bí i, ara sì ń gbọ̀n ọ́n. Nígbà tí wọ́n bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ lójú-ìwé tó tẹ̀ lé e, kò mọ̀. Ọmọbìnrin kan dìde lẹ́yìn rẹ̀, ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti lẹ bébà kéékèèké aláwọ̀ oríṣiríṣi sí i lára. Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ojú-ìwé yẹn àti ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó parí ọ̀rọ̀ kí aago tó dún, ó sì jókòó. Nínú àwọn méjèèjì, ta ni kí a pè ní àgbà?

Òfin náà mọ̀ wọ́n. Ní oṣù kejìlá ọdún 1965, Mary Beth Tinker, ọmọ ọdún 13, so aṣọ dúdú mọ́ apá lọ sí ilé-ìwé ní Des Moines, ìpínlẹ̀ Iowa, nítorí ogun Vietnam. Wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ní 1969 ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kì í bọ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti sọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu géètì ilé-ìwé. Nítorí náà, ọmọ tó bá sọ̀rọ̀ kò ṣàfojúdi sí ìjọba.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ilé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, aṣòfin Texas kan, Matt Krause, kọ lẹ́tà sí àwọn agbègbè ilé-ìwé, ó so àkójọ ìwé bí 850 mọ́ ọn. Ó ní kí wọ́n sọ fún òun èyí tó wà lọ́wọ́ wọn, ibi tí wọ́n kó o sí, àti iye owó tí wọ́n ná lé e. Kò sọ nínú lẹ́tà náà pé kí wọ́n yọ ìwé kankan. Kò nílò kó sọ ọ́. Ọ̀gá ilé-ìwé tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bá tẹ̀ lọ́wọ́ mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ kí òun ṣe. Ní sáà ẹ̀kọ́ 2021 sí 2022, ẹgbẹ́ PEN America tó ń ṣàkójọ irú nǹkan báyìí rí i pé ìgbà 801 ni wọ́n yọ ìwé tàbí dènà rẹ̀ ní ilé-ìwé Texas. Kò sí ìpínlẹ̀ tó tó wa. Lẹ́yìn náà Florida kọjá wa, nígbà tó sì di sáà 2023 sí 2024, iye náà ti lé ní 10,000 káàkiri Amẹ́ríkà.

Ìwòkuwò ni ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé wọ́n ń lé jáde. Mo gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbọ́ ọ ní mọ́ṣáláṣí, mo sì mọ ibi tí ẹ̀rù náà ti wá, torí òbí lèmi náà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ iye yìí. Nínú àwọn ìwé tí PEN America kọ sílẹ̀ ní sáà 2021 sí 2022, ìdá 22 nínú 100 ló ní ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ nínú. Ìdá 41 ló mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin, obìnrin tó fẹ́ràn obìnrin, àti irú wọn. Ìdá 40 ló jẹ́ pé èèyàn dúdú tàbí ẹ̀yà mìíràn tí kì í ṣe òyìnbó ló wà láàárín ìtàn náà. Ìwé kan lè wà nínú ìsọ̀rí méjì, ìdí nìyẹn tí iye náà fi ju 100 lọ. Mo mọ̀ pé ẹnu wa kò kò lórí ìdá 41 yẹn nínú yàrá yìí, n kò sì wá láti parí ìyẹn lónìí. Ìdá 40 ni mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ sílé. Tí wọ́n bá ti gbé apẹ̀rẹ̀ náà sílẹ̀ tí wọ́n ń da ìwé sí i, ìwé tó ń sọ ìtàn ọmọ yín wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin ará Katy, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston níbí, mọ èyí tí mo fẹ́ sọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021 kan náà, àgbègbè ilé-ìwé Katy yọ New Kid tí Jerry Craft kọ, wọ́n sì sún ìbẹ̀wò tí òǹkọ̀wé náà fẹ́ bá àwọn ọmọ ṣe síwájú, nítorí pé òbí kan gbé ìwé ẹ̀sùn káàkiri, àwọn mìíràn sì fọwọ́ sí i. Wọ́n ní ìwé náà yóò mú kí ọmọ òyìnbó máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ìwé aláwòrán ni. Ó ti gba ẹ̀bùn Newbery, tó jẹ́ ẹ̀bùn tó lókìkí jù lọ fún ìwé ọmọdé ní Amẹ́ríkà, ní 2020. Ìtàn ọmọkùnrin dúdú kan ni, Jordan, tí wọ́n mú lọ sí ilé-ìwé olówó tí àwọn ọmọ òyìnbó pọ̀ sí. Olùkọ́ kan wà nínú rẹ̀ tó ń fi orúkọ ọmọ dúdú kan pe ọmọ dúdú mìíràn, léraléra. Mélòó nínú àwọn ọmọ tó wà nínú yàrá yìí ni irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí rí? Ọmọ tí a sọ ní Olúwadámiláre, tí wọ́n ń pè ní D láti ọjọ́ àkọ́kọ́ torí pé kò sẹ́ni tó ráyè kọ́ orúkọ rẹ̀. Ọmọ náà ṣí ìwé kan, ó rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ìwé yẹn ni wọ́n ní kó jáde. Wọ́n yan àwọn tó kà á, àwọn tó kà á sì ní kò sí ohun tó ṣe é, ó padà sórí pẹpẹ kí oṣù náà tó parí.

Ní Katy yìí kan náà, lọ́jọ́ kan ní ìparí ọdún 2021, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wà ní kíláàsì àṣekágbá lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀ aláṣẹ. Òun nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ tó dìde sọ̀rọ̀. Ó sọ tirẹ̀ nípa ohun tí wọ́n ń dènà fún àwọn ọmọ, ó padà sílé. Ó lè rò pé òfo ni. Kò rò bẹ́ẹ̀. Ó wá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kún ara rẹ̀, wọ́n sì ń padà wá, títí àwọn ọmọ fi ń pọ̀ ní ìjókòó. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, wọ́n gba ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ atẹ̀wé, wọ́n sì pín ọgọ́rọ̀ọ̀rún nínú àwọn ìwé tí wọ́n ń yọ fún àwọn ọmọ tó bá fẹ́. Ní Leander, lápá Austin, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé Vandegrift dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n fi ń ka àwọn ìwé tí wọ́n yọ kúrò nínú ètò kíláàsì wọn. Ní Granbury, níbi tí wọ́n ti kó ìwé tó lé ní 100 kúrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní 2022 pé wọ́n fẹ́ yẹ̀ wọ́n wò, akẹ́kọ̀ọ́ kan dìde ó sọ fún wọn pé kò sí ìjọba tó fòfin de ìwé rí tí ìtàn rántí sí rere. Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn ìwé náà padà.

Ti Pẹnsilféníà ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa. Agbègbè kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Central York. Ní 2020, lẹ́yìn tí ọlọ́pàá pa George Floyd, ìgbìmọ̀ kékeré kan ní agbègbè náà ṣe àkójọ àwọn ìwé àti fídíò tí olùkọ́ lè lò tó bá fẹ́ bá ọmọ sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀yà àti ìkórìíra. Ìgbìmọ̀ aláṣẹ wò ó, gbogbo wọn jẹ́ òyìnbó, wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni má tíì lò ó. Ìwé ọmọdé nípa Rosa Parks, obìnrin dúdú tó kọ̀ láti dìde fún òyìnbó nínú bọ́ọ̀sì, wà nínú rẹ̀. Ìwé nípa Martin Luther King wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dákẹ́ bí oṣù mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n wọlé ní 2021, wọ́n fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn olùkọ́ pé àṣẹ náà ṣì wà níbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì gbọ́.

Ẹgbẹ́ wọn kò tóbi. Ohun tí wọ́n ṣe kò le. Láràárọ̀, kí aago tó dún, wọ́n dúró síwájú ilé-ìwé pẹ̀lú páálí tí wọ́n kọ̀wé sí. Tí aago bá dún, wọ́n wọ kíláàsì. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún dúró. Wọn kò pa kíláàsì jẹ, wọn kò fọ́ nǹkan, kò sẹ́ni tó lè rí ẹ̀sùn kà sí wọn lọ́rùn. Àwọn òbí tó ń já ọmọ sílẹ̀ ń rí wọn, àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì ń rí wọn, lẹ́yìn náà àwọn oníròyìn rí wọn, gbogbo Amẹ́ríkà sì bẹ̀rẹ̀ sí bèèrè pé kí ni Rosa Parks ṣe. Ìgbìmọ̀ náà ní àwọn kò fòfin de ìwé, pé ńṣe ni àwọn fẹ́ yẹ̀ wọ́n wò. Àwọn ọmọ bèèrè pé ọjọ́ wo ni ẹ fẹ́ yẹ̀ wọ́n wò tán. Ẹ rí i pé ìbéèrè náà la tún padà sí. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ náà pátá dìbò pé kí wọ́n ṣí i.

Èyí tí mo fẹ́ sọ báyìí kò dùn, ṣùgbọ́n ó kan wa ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ. Ẹjọ́ Pico tí mo fi bẹ̀rẹ̀, kò ràn wá lọ́wọ́ mọ́ ní Texas. Nínú àwọn adájọ́ márùn-ún tó dá ẹjọ́ náà, kì í ṣe gbogbo wọn ló fọwọ́ sí gbogbo ohun tí Brennan kọ, láti ọjọ́ náà sì ni àwọn lọ́yà ti ń jiyàn bóyá ó de kóòtù yòókù. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó ń gbọ́ ẹjọ́ Texas, Louisiana àti Mississippi sọ lórí ẹjọ́ láíbírì Llano County pé kò dè é. Wọ́n ní ìwé tí láíbírì ìjọba bá yọ, ẹni tó fẹ́ kà á kò lè fi ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ pe ẹjọ́ lé e lórí; àwọn kan nínú àwọn adájọ́ náà tún ní ìwé tí láíbírì bá yàn láti tọ́jú tàbí láti yọ, ọ̀rọ̀ ìjọba fúnra rẹ̀ ni. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní àwọn kò ní gbọ́ ọ. Ní ibòmíràn, ilẹ̀kùn ṣì ṣí: ní oṣù kẹrin ọdún 2025, akẹ́kọ̀ọ́ 12, ọmọ àwọn ológun, pe ẹjọ́ lórí ìwé tí wọ́n kó kúrò ní ilé-ìwé tí iléeṣẹ́ ológun ń bójú tó fún ọmọ àwọn ológun, adájọ́ kan ní Virginia sì ní kí wọ́n dá ìwé padà sí ilé-ìwé márùn-ún ní oṣù kẹwàá. Ṣùgbọ́n níbi tí àwa ń gbé, ọmọ ọdún 17 kò lè rin ọ̀nà tí Steven Pico rìn.

Kí ló wá kù? Ìpàdé ìgbìmọ̀ ló kù, ìbò sì kù. Láti 2019 ni òfin Texas ti ní kí ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, títí kan ìgbìmọ̀ ilé-ìwé, jẹ́ kí aráàlú sọ̀rọ̀ lórí ohunkóhun tó wà nínú ètò ìpàdé kí wọ́n tó parí èrò lórí rẹ̀, kò sì lè dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nítorí pé ó ń bá wọn wí. Ẹ̀tọ́ yìí kò bèèrè ìwé ọmọ-onílẹ̀. Ẹni tó ní káàdì àwọ̀ ewé lè sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń retí káàdì lè sọ̀rọ̀. Ọmọ lè sọ̀rọ̀. Ìbò nìkan ló nílò pé kéèyàn ti di ọmọ ilẹ̀ yìí, ọ̀pọ̀ nínú yín sì ti búra tipẹ́. Ẹ máa ń dìbò ààrẹ. Ẹ ya fọ́tò sítíkà rẹ̀ sórí Facebook, mo rí i. Ta ló dìbò ìgbìmọ̀ ilé-ìwé nínú wa? Àwọn tó ń jáde fún ìbò yẹn kéré gan-an, ìdílé mélòó kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan lè yí i padà. Àwọn tó ń fẹ́ kí ìwé kúrò mọ èyí. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Ohun tó ń dùn mí nìyí, mo sì fẹ́ sọ ọ́ láìfi bò. Ọmọ ni kò ní ìbò, ọmọ ló wà níbẹ̀. Àwa la ní ìbò, a ò sí níbẹ̀. A ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́, a ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán, a ń fi owó ránṣẹ́ sílé, mo mọ̀. A tún ní ẹ̀rù kan tí a gbé wá láti ilé, pé kéèyàn má fa ojú ìjọba mọ́ra. Nítorí náà tí ọmọ bá ní òun fẹ́ lọ sọ̀rọ̀, a ní kó jókòó, kó ka ìwé rẹ̀. Ìwé náà ni wọ́n ń kó lọ.

Ẹni tó ń bẹ̀rù pé ọmọ òun yóò ka ohun tí kò yẹ ọjọ́ orí rẹ̀, n kò bá a jà. Òfin ti wà tipẹ́ tó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fi àwòrán ìhòòhò tó burú lé ọmọdé lọ́wọ́, kò sí olùtọ́jú láíbírì tí mo mọ̀ tó fẹ́ kí òfin náà kúrò. Òfin SB 13 tí wọ́n ṣe ní Texas ní 2025 tún fún òbí láyè láti wo gbogbo ìwé tó wà ní láíbírì ilé-ìwé ọmọ rẹ̀, kó sì kọ orúkọ èyí tí kò fẹ́ kí ọmọ òun yá. Ẹ lò ó tí ẹ bá fẹ́. Ọmọ yín ni, ẹ̀tọ́ yín ni. Ohun tí mo kọ̀ ni pé kí òbí kan fi àṣẹ tó ní lórí ọmọ tirẹ̀ de ọmọ tèmi àti ọmọ tiyín. Òfin kan náà sì sọ pé kí ìwé tuntun tó wọ láíbírì, ìgbìmọ̀ aláṣẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé orúkọ rẹ̀ síta fún aráàlú fún ọgbọ̀n ọjọ́. Ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn, gbogbo ènìyàn ló lè sọ̀rọ̀. Tí àwọn tí kò fẹ́ ìwé nìkan bá ń sọ̀rọ̀, ohùn wọn nìkan ni ìgbìmọ̀ yóò gbọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ tiyín ní ṣókí. Ẹ ka ìwé náà tán kí ẹ tó sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ gba ẹ̀dà ìlànà tí agbègbè yín ń tẹ̀ lé tí wọ́n bá fẹ́ yọ ìwé, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn, kí ẹ sì kà á ju àwọn tó kọ ọ́ lọ. Ẹ má dá lọ, ẹ mú ẹnìkan dání. Ẹni tó bá ti wà láàárín ọdún 13 sí 21 nínú yín, láíbírì ìjọba Brooklyn ní New York ti ń fún irú yín ní káàdì lọ́fẹ̀ẹ́ láti oṣù kẹrin ọdún 2022, ibi yòówù kí ẹ máa gbé ní Amẹ́ríkà, kí ẹ lè yá ìwé wọn lórí fóònù. Books Unbanned ni wọ́n ń pe ètò náà.

Ẹ̀yin òbí, kì í ṣe pé mo fẹ́ kí gbogbo yín lọ gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀, kó lọ jókòó. Nígbà tí ọmọ bá dìde, tó sì wẹ̀yìn, kó rí ìyá tó wé gèlè, kó rí bàbá tó dé fìlà, kí ìgbìmọ̀ náà rí wọn. Mo ti kọ ọjọ́ ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ fún àwọn agbègbè ilé-ìwé tó yí wa ká sórí ìwé tó wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ wo àdírẹ́sì ilé yín dáadáa kí ẹ tó mú, torí pé àwọn kan ń gbé ní Houston tí ọmọ wọn sì wà lábẹ́ ìgbìmọ̀ Katy, tàbí ti Fort Bend, tàbí ti Alief. Tí kò bá dá yín lójú, ẹ bi ọmọ yín, ó mọ̀ ọ́n.